Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti Oúnjẹ Ọdún

Bí ẹ bá ń gba ẹ̀yìn ọjà Ketu lọ sí Ìkòsì láàárọ̀, òórùn kan wà tí ẹ máa ń gbọ́ títí di àìpẹ́ yìí, tí kì í ṣe ti tòmátò tó ń rà ní Máìlì 12, tí kì í sì í ṣe ti èéfín mọ́tò. Òórùn àgbàdo tó ń hù ni. Ó dùn díẹ̀, ó tutù díẹ̀, ó sì máa ń mú kí èèyàn rántí ibi tí kò tilẹ̀ dé rí. Èmi ni mo ń ṣe é. Àkànní ni orúkọ mi, ọlọ́tí ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì nítorí orúnkún tó ní òun ò bẹ̀rẹ̀ nídìí iná mọ́.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé nígbà tí àwọn òbí yín bá ń ka iṣẹ́ fún yín, dókítà, lọ́yà, iṣẹ́ báńkì, wọn kì í ka ọlọ́tí mọ́ ọn. Ọtí tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó jáde nílé iṣẹ́ ńlá. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, ọtí àgbàdo tí à ń fọwọ́ pọn, tí à ń pọn fún ọdún àti fún oúnjẹ ọdún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èèyàn lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé, kí ló yẹ ká mu sí oúnjẹ yìí? Kó má sì kábàámọ̀ rárá.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Láti Òkè-Ògùn ni mo ti wá, mò ń ru àpò ní Máìlì 12. Ìyá kan ra àgbàdo, mo rù ú délé fún un ní Ìkòsì, mo rí ìkòkò, mo gbọ́ òórùn, mi ò padà sọ́jà mọ́. Ẹ ó bi mí pé owó ńkọ́? Mo jẹun, mo bímọ, mo kọ́ ilé kékeré kan. Ọ̀rọ̀ owó tán nìyẹn.

Màmá Àṣàbí ni ìyá náà ń jẹ́, ọmọ bíbí Ìkòsì. Obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí látayébáyé, nítorí náà nígbà tí ọkùnrin gìrìpá bí èmi ní òun fẹ́ kọ́ ọ, gbogbo àdúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọtí ni mo fẹ́ máa mu lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o lè dákẹ́?" Mo ní mo lè dákẹ́. Ó ní, "Tóò, bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí."

Mo fọ ìkòkò títí ọwọ́ mi fi bó. A kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o, ewé eépín àti iyanrìn ni. Bí ó bá gbọ́ òórùn ọṣẹ lára mi, á lé mi jáde ní àgbàlá. Bí mo bá fi lọ́fíńdà para lọ́jọ́ Sunday, mi ò gbọdọ̀ sún mọ́ ìdí ọtí títí di ọjọ́ kejì. Kò sí ìjà nídìí ìkòkò, kò sí igbe, kò sí orin àkọjù. Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Ó ní ahọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀ kò lè tọ́ nǹkan wò. Bí mo bá ṣàṣìṣe, igbá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá orí mi pàdé. Inú á bí mi, màá máa kùn sínú bí ọ̀lẹ aya, ṣùgbọ́n mi ò lọ. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ohun tó dá mi dúró ni ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. A ó rẹ àgbàdo, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé ògẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé bò ó, kó máa hù. Láàárọ̀ kùtùkùtù, bí mo bá ṣí ewé náà, ooru kékeré kan á fẹ́ sí mi lójú, màá rí gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́ tó ti yọ nígbà tí mo sùn. A ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó dà á sínú ìkòkò amọ̀. Lẹ́yìn náà ọtí á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé etí lé ìkòkò, ẹ ó gbọ́ ọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ̀ bóyá mo wà lójúfò tàbí mo ń lálàá, tí oòrùn á fi kúrò lápá kan àgbàlá dé apá kejì. Inú mi dùn nígbà náà ju bí mo ṣe mọ̀ lọ.

Ìkòkò mẹ́ta ló ń tò lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ wa, wọ́n sì ní orúkọ. Àkọ́kọ́ ni "èyí tó dùn". A ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é ni, kò lè pa ọmọdé. Èkejì ni "èyí tó kàn", torí òun ló tẹ̀ lé e. Ó ti ń ta ahọ́n díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni ṣì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni "èyí tó kan". Èyí ti kan pátápátá, ó ti lágbára, ọtí àgbà ni. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ wọn lẹ́nu: èyí tó kàn, èyí tó kan. Kò sí ọmọ ilé yẹn tó lè ṣì í gbọ́, kódà ọmọ ọdún méjì.

Ẹ̀kọ́ gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó fún mi ní òkèlè kan àti ahá kan. Ó ní kí n jẹ, kí n mu, kí n pa ojú dé, kí n sọ ibi tí ọtí jókòó sí lẹ́nu mi. "Ọtí kì í dá wọ ilé ọdún," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. "Oúnjẹ ló ń fà á lọ́wọ́ wọlé." Bí iṣu tuntun bá dé, tí wọ́n gún un, tí ó rọ̀, tí kò ní agbára kankan nínú, èyí tó kan ló ń gbé e dúró, pàápàá bí ẹran ìgbẹ́ bá wà nínú ọbẹ̀. Ní Good Friday, tí àwọn ará Èkó ń se fìrejọ́ọ̀nù, ẹ̀wà tí wọ́n fi àgbọn sè tó ń dùn mìnìjọ̀, ẹni tó bá gbé èyí tó dùn sí i ti ba nǹkan jẹ́. Adùn méjì bá pàdé, ahọ́n á sùn. Ní Iléyá, àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí a máa gba èyí tó dùn, tí a sè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nínú ìkòkò tí ọtí kíkan kò wọ̀ rí, wọ́n á fi ti ẹran àgbò díndín sísàlẹ̀. Màmá kì í fi èyí ṣeré. Ó ní ẹ̀sìn ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fi ọtí dán wò.

Kérésì ńkọ́? Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata tó ní tòmátò, adìyẹ díndín. Èyí tó kàn ni, láìsí àríyànjiyàn. Èyí tó dùn á mú kí ìrẹsì súni. Èyí tó kan á bá tòmátò jà, torí tòmátò náà kan. Lọ́dún kan mo gbé èyí tó kan sí ìrẹsì, igbá tí Màmá fi gbá mi lórí lọ́jọ́ yẹn là sí méjì.

Mo gba òmìnira, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. A jọ ń ṣe é ni, ó ń darúgbó, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Irinṣẹ́ wa ń yí padà lójú wa. Ọlọ ya lọ, ẹ̀rọ ìlọta dé. Igi ìdáná wọ́n, a lo sítóòfù tí à ń ki lẹ́búlẹ́bú pákó sí, lẹ́yìn náà a lo gáàsì, tí mi ò fẹ́ràn títí dòní torí iná rẹ̀ ń kánjú. Wọ́n mú dúrọ́ọ̀mù oníke wá, tí kì í fọ́, tí kì í sì í gbàgbé: bí òróró bá ti wà nínú rẹ̀ rí, òróró lẹ ó máa mu títí. Láìpẹ́ yìí àwọn ọ̀dọ́ kan láti Magodo wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rọ ọ́ sínú ìgò, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn. Mo ní ó dára. Mo bi wọ́n pé oúnjẹ wo ni wọn ó kọ sára ìgò náà. Wọ́n wò mí.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo irinṣẹ́ tuntun, fóònù alágbèéká ló bá wa jà.

Màmá ní ọmọ kan ṣoṣo, Fọlákẹ́. Ó ríṣẹ́ ọ́fíìsì tó dára, ó fẹ́ ọmọ àgbà ìjọ kan, wọ́n ń gbé ní Magodo lẹ́yìn géètì tó ní sìkíọ́rítì. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ń wá kí i, ó ń ra oògùn fún un. Ṣùgbọ́n kò pè é jẹun ọdún rí. Lọ́dọọdún, ní àárọ̀ Kérésì, Màmá á rọ èyí tó kàn sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ jù, èmi á gbé e lọ. Lọ́dọọdún sìkíọ́rítì á jáde padà, á ní, "Madam ní ẹ ṣeun o, Baba. Wọ́n ní àwọn ti ní mínírà." Màá gbé e padà sílé. Màmá á bi mí, "Wọ́n gbà á?" Màá ní wọn ò gbà á. Á ní, "Ó dáa, ọdún tó ń bọ̀." Ohun tí obìnrin yìí ń fẹ́ láyé kò ju kó jókòó nídìí tábìlì ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, kí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọn wà níwájú àwọn méjèèjì.

Lọ́dún tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn, ọkọ Fọlákẹ́ yà kí wa, ó tọ́ èyí tó kàn wò pẹ̀lú ìrẹsì tó kù nílé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó dà bíi pé ó dé ilé, ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la ká ṣe Kérésì, fóònù Màmá dún. Tẹ́ẹ̀sì ni. Màmá kò mọ̀wé, èmi ni mò ń kà á fún un.

"Mummy e wa jeun Keresi lodo wa lola. E gbe eyi to kan wa fun Daddy."

Daddy ni bàbá ọkọ rẹ̀, àgbà ìjọ náà. Mo kà á, mo dúró. Fóònù kò mọ àmì ohùn. Mo ní, "Màmá, ó lè jẹ́ èyí tó kàn. Ó sì lè jẹ́ èyí tó kan."

Màmá ti dìde. Omi wà lójú rẹ̀. "Èyí tó kan! Àkànní, ọmọ mi ní kí n gbé èyí tó kan wá. Kì í ṣe tọmọdé, ọtí gidi! Ó fẹ́ fi mí han àwọn èèyàn rẹ̀."

"Màmá, ìrẹsì ni wọ́n ń sè o."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Mo pè Fọlákẹ́ ní ìgbà bíi mélòó kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ ọdún, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo bá gbé ẹnu mi pa mọ́. Ọ̀gá mi ni, ọmọ rẹ̀ sì ni.

Ní ọjọ́ kejì a dé Magodo. Màmá wọ aṣọ tó ti fi pa mọ́ sí àpótí láti ọdún gbọ́nhan. Sìkíọ́rítì ṣí géètì fún wa, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Tábìlì gùn, àwọn ará ìjọ jókòó yí i ká, wọ́n fi Màmá sí ẹ̀gbẹ́ Daddy. Ọkọ Fọlákẹ́ ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé omi àgbàdo lásán ni, pé ó dà bíi mọ́ọ̀tì. Daddy, tí kì í mu ju tíì lọ, gbé ife kan mì. Ó ní, "Haa, Mama, this one is good o!" Ó gba èkejì. Oòrùn sì mú.

Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n ní kí Daddy gbàdúrà ìparí. Ó dìde. Ó gbàdúrà fún ilé, fún ìjọ, fún ìjọba. Ó gbàdúrà fún jẹnẹrétọ̀ kó má kọṣẹ́. Ó wá gbàdúrà fún adìyẹ tí a jẹ, pé kí Olúwa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì tu àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ nínú. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di àmín. Daddy fẹ́ dá a lóhùn, ó jókòó dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé orí lé èjìká alága ìjọ, ó sì ń hanrun.

Fọlákẹ́ gbé ife Daddy, ó gbóòórùn rẹ̀. "Mummy! Èyí tó kan lẹ gbé wá?"

"Ohun tí o ní kí n gbé wá náà ni."

"Èyí tó kàn ni mo ní! Tó kàn! Ti àárín! Mummy, kí lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn yìí máa pè mí báyìí?" Ohùn rẹ̀ fọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Please."

A lọ sílé. Nígbà tí a dé àgbàlá, Màmá da ojú ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta délẹ̀, ó wọlé.

Èmi nìkan ló pọntí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọyẹ́ lọ, ọdún Àjíǹde dé, fìrejọ́ọ̀nù kọjá, kò tọ́ ohunkóhun wò. Mo sọ fún un pé fóònù ló fa gbogbo rẹ̀. Ó mi orí. "Kì í ṣe fóònù ló ṣì í gbọ́, Àkànní. Mo mọ̀ pé èyí tó kan kò bá ìrẹsì mu. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ohun tí ọkàn mi fẹ́ gbọ́ ni mo gbọ́." Ó dùn mí ju gbogbo igbá tó ti fọ́ mọ́ mi lórí lọ.

Nígbà òjò, Fọlákẹ́ wá. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó mú àgbàdo tútù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí bó o. Ó ní, "Mummy, ní ilé ìwé, ọmọ ọlọ́tí ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á ní mò ń rùn. Wọ́n á di imú."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Òun náà lẹ fi ń rán mi níwèé."

Òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí páànù. Àwọn méjèèjì jọ bó àgbàdo náà tán. Nígbà tó fẹ́ lọ, Fọlákẹ́ ní, "Ẹ wá jẹun Kérésì lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Mummy, kí ẹ má gbé nǹkan kan wá. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ wá."

Inú bí mi burúkú. Mo ní kí Màmá má lọ. Ta ló ń lọ sílé ọdún lọ́wọ́ òfo? Ẹni tó ti gbé ọdún gbogbo àdúgbò dúró láti ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n wá ní kó wá bí àlejò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Màmá gbọ́ mi tán. Ó ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo ní, "Màmá, ta ló ń bá ta wí níhìn-ín?" Ó ní òun náà ò mọ̀.

Ọjọ́ Kérésì dé, ó lọ. Mi ò bá a lọ, mo ní mò ń ṣọ́ ìkòkò. Ọyẹ́ bo gbogbo Ìkòsì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé iwájú ò hàn dáadáa, ọtí ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mò ń fojú inú wò ó níbẹ̀, nídìí tábìlì gígùn yẹn, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí itan, láìní ohun tó fẹ́ fi han ẹnikẹ́ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ń bínú sí ọmọ náà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mọ́tò Fọlákẹ́ gbé e padà. Ó rọra wọlé, ó tú gèlè, ó jókòó sórí àpótí. Mi ò lè mú un mọ́ra.

"Màmá, kí ni wọ́n fún yín mu?"

"Omi."

"Omi lásán? Sí ìrẹsì Kérésì?" Mo dìde. "Ẹ̀yin! Kí ni omi bá mu nínú oúnjẹ yẹn?"

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Fọlákẹ́ gbé mínírà fún àwọn ará ìjọ, ó gbé tíì fún Daddy. Nígbà tó kàn mí, ó dúró, kò mọ ohun tó lè gbé fún mi. Ó wá bu omi fún mi. Ó gbé mínírà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bu omi fún ara rẹ̀ náà, ó jókòó tì mí, ó mu ún."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan.

"O ní kí ló bá mu, Àkànní? Ọmọ mi ni. Ọmọ mi bá mi mu."